Lílẹ ojú irin mọ́ orí bàbà láìyọ́ èyíkéyìí nínú wọn

Àwọn ọ̀gá tó ń tún rèdíétọ̀ ọkọ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ṣì ń lo orí bàbà. Kì í ṣe irin oníná mànàmáná ni mò ń sọ. Ègé bàbà ńlá ni, tó ní ọ̀pá irin gígùn nídìí àti èèkù igi. Wọ́n á tì í bọ inú èédú títí yóò fi gbóná dáadáa, wọ́n á wá gbé e lé ojú ibi tó ń jò kí lẹ́ẹ̀dì lè yọ́, kó sì ṣàn wọbẹ̀. Bàbà ni wọ́n ń lò nítorí pé ó ń gba ooru púpọ̀, ó sì ń gbé e kiri kíákíá. Nǹkan bí 400 wáàtì ni bàbà ń gbé fún mítà kan fún ìwọ̀n Kelvin kan. Irin tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe géètì kò ju nǹkan bí 50 lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lẹ́ẹ̀dì ń jẹ bàbà. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń lò kì í ṣe òjé nìkan, tánńganran (tin) wà nínú rẹ̀, tánńganran yìí ló sì ń fa bàbà wọ inú ara rẹ̀ nígbàkigbà tó bá yọ́ sójú rẹ̀. Ojú orí bàbà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ihò, á rí gbágungbàgun, ọ̀gá á gbé fáìlì, á fá a títí yóò fi tẹ́jú padà. Bí wọ́n ti ń fá a ló ń kúrú, tó bá yá kò ní lè di ooru mú mọ́, wọ́n á wá òmíràn lọ, bàbà sì wọ́n gan-an lásìkò yìí.

Irin kékeré tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Lágere ń lò kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Bàbà ló wà nínú tiwọn náà, àmọ́ wọ́n ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, torí pé tánńganran kì í tètè jẹ irin. Bàbà ń gbé ooru wá, irin ń gba ìyà lẹ́ẹ̀dì. Ohun tí mo fẹ́ ni kí orí ńlá ti àwọn onírèdíétọ̀ náà ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kan tí mo máa ń bá ṣe iṣẹ́ lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ) ló gbé orí kan tó ti ń lọ sópin lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìwé kọ́ṣẹ́ irin, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí èyí.” Mo ní, “Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, sà, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.” Ohun tí mo ṣe nìyí, àti ìdí tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí yẹn ló máa wúlò jù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́tàlì mìíràn.

Ìdí tí n kò fi jó o

Jíjó irin mọ́ bàbà bí àwọn wẹ́dà ṣe ń ṣe kì í ṣe ohun tí ọwọ́ kò lè tẹ̀, àmọ́ kì í dára tó fún iṣẹ́ yìí. Bàbà máa ń gbé ooru sá kúrò níbi tí iná ń kàn án, irin á ti yọ́ tán kí bàbà tó gbóná. Bàbà tó bá wá yọ́ á wọ àárín àwọn hóró irin, irin náà á sì sán nígbà tó bá ń tutù.

Ọ̀pá tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe fi ń jó páìpù bàbà tún wà. Èyí tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú kì í bá irin rẹ́, torí ohun tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti irin bá para pọ̀ dà máa ń tètè ṣẹ́. Èyí tó ní fàdákà dára, ó ń lẹ bàbà mọ́ irin dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yọ́ kí ooru tó dé 800 °C. Orí yìí, inú èédú tí fáànù ń fẹ́ ló ń gbé. Ọmọ iṣẹ́ lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí á fi pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́, ojú irin á sì já bọ́ sínú iná. Ọ̀pá idẹ gba ooru ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n síǹkì wà nínú idẹ, síǹkì sì ń hó ní 907 °C. Lẹ́ẹ̀dì náà á tún máa jẹ ojú ìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, láti ẹ̀gbẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ìsopọ̀ tí kò ní ohun kẹta láàárín, tí kò ní tú àfi bí bàbà fúnra rẹ̀ bá yọ́ ní 1085 °C.

Mẹ́tàlì tó ń rìn láìyọ́

Àwọn onímọ̀ mẹ́tàlì ń pè é ní diffusion bonding. Ẹ mú mẹ́tàlì méjì, ẹ fá ojú wọn títí wọ́n á fi tẹ́jú, ẹ fọ̀ wọ́n mọ́, ẹ fún wọn pọ̀, ẹ wá fi wọ́n sínú ooru tí kò tó yọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Bí wákàtí kan sí méjì bá kọjá, átọ́ọ̀mù bàbà á ti rìn wọ inú irin, ti irin á ti rìn wọ inú bàbà, ààlà tó wà láàárín wọn á sì ti di ara kan náà.

Pé mẹ́tàlì tó le gbagidi ń rìn wọ inú ara wọn kì í ṣe ohun tuntun. Lọ́dún 1896, William Roberts-Austen fi wúrà ti ìdí òjé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi wọ́n sínú ooru tí kò tó yọ́ òjé, ó wá gé òjé náà sí wẹ́wẹ́, ó sì rí wúrà nínú rẹ̀. Ní Soviet Union, N. F. Kazakov ló sọ ọ́ di ọ̀nà ìsopọ̀ fún ilé iṣẹ́ lọ́dún 1953, nínú ààrò tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Lónìí wọ́n ń fi ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn bíléèdì inú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ojú méjèèjì yẹ kó yé ẹni tó bá máa ṣe é. Ojú mẹ́tàlì tí a rí pé ó ń dán, bí a bá sún mọ́ ọn tó, òkè àti kòtò ló kún ibẹ̀. Gbígbé ojú méjì bẹ́ẹ̀ léra dà bí ìgbà tí èèyàn bá dojú òkè Ìdànrè dé òkè mìíràn: ṣóńṣó orí wọn nìkan ló ń kanra. Ooru á rọ àwọn ṣóńṣó yìí, agbára tó ń fún wọn pọ̀ á tẹ̀ wọ́n pẹrẹsẹ, ibi tó kanra á máa gbòòrò. Ihò kéékèèké tó bá ṣẹ́ kù láàárín, àwọn átọ́ọ̀mù ló máa rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá dí i díẹ̀díẹ̀. Agbára ló ń ṣe ìpín àkọ́kọ́, àkókò ló ń ṣe ìpín kejì, ooru ló ń jẹ́ kí méjèèjì ṣeé ṣe.

Ìṣirò kan wà tó ṣe mí láǹfààní púpọ̀. Bí a bá fẹ́ kí átọ́ọ̀mù rìn jìnnà ní ìlọ́po méjì, àkókò tí a máa fi dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Fífi wákàtí kún wákàtí kì í tètè mú èrè wá, ìwọ̀n ooru díẹ̀ tí a bá fi kún un ló ń yára ṣiṣẹ́. Àṣà àwọn onímọ̀ ni pé kí ooru náà wà láàárín 0.5 sí 0.8 ìwọ̀n yíyọ́ mẹ́tàlì tó tètè ń yọ́ jù, bí a bá fi Kelvin kà á (ìyẹn ìwọ̀n Celsius tí a fi 273 kún). Bàbà ń yọ́ ní 1358 K. Mo yan 850 °C, ìyẹn 1123 K, tó jẹ́ 0.83. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gòkè díẹ̀ ni, torí irin ń yọ́ ní 1538 °C, 850 kò sì tíì ju ìdá 0.62 lọ fún un.

Kì í ṣe gbogbo mẹ́tàlì méjì ló yẹ kí èèyàn lẹ̀ pọ̀ báyìí. Alumíníọ̀mù àti bàbà, bí wọ́n bá wọ inú ara wọn, ohun tó máa ń jáde láàárín wọn le, ó sì ń fọ́ bí àwo. Wọ́n tún ń para pọ̀ yọ́ ní 548 °C, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù nìkan kì í yọ́ títí di 660. Taiténíọ̀mù àti irin náà ní irú ohun tó ń fọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí rèé tí wọ́n fi máa ń fi bébà mẹ́tàlì mìíràn sáàárín wọn. Bàbà àti irin kò ní i rárá. Wọ́n ń wọ inú ara wọn díẹ̀, wọn kì í sì í bí ọmọ tó le ju àwọn méjèèjì lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, èyí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù.

Bàbà àti irin tí mo lò

Orí ọ̀gá náà gan-an ni mo lò. Mo gé ojú rẹ̀ wọlé ní 5 mm kí n tó ṣe ohunkóhun, torí lẹ́ẹ̀dì ti wọ inú rẹ̀, òjé sì ń yọ́ ní 327 °C. Bí èyí tó kéré jù lọ bá ṣẹ́ kù, á sáré jáde sójú ìlẹ̀ nínú ooru. Lẹ́yìn gígé, mo mú un gbóná, mo sì wo ojú tuntun náà bóyá ìlẹ̀kẹ̀ fúnfun kan á là jáde lára rẹ̀. Kò sí. Ohun tó kù jẹ́ 60 mm ní gígùn, ojú rẹ̀ jẹ́ 32 mm níbùú àti 32 mm lóòró.

Kí ẹni tó bá ń ra bàbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin rí i dájú pé bàbà ni, kì í ṣe idẹ. Fá ibì kan pẹ̀lú fáìlì: bàbà á pọ́n, idẹ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí wúrà. Idẹ nínú iṣẹ́ yìí á tú síǹkì sílẹ̀, èéfín rẹ̀ ń dá ibà sí èèyàn lára, á sì sọ ojú ìlẹ̀ di jákujàku. Ìlú yìí ti mọ ìyàtọ̀ bàbà sí idẹ tipẹ́. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n tó wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, bẹ́ẹ̀ bàbà pọ́ńbélé le dà sínú àpẹẹrẹ ju idẹ lọ, torí kì í ṣàn dáadáa, ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ mì nígbà tó bá yọ́. Bí mo bá rántí pé èédú àti amọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, orí mi máa ń wú.

Irin ojú rẹ̀ jẹ́ páànù irin lásán tó nípọn tó 3 mm, irú èyí tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò pọ̀. N kò lo stainless. Ohun tó ń jẹ́ kí stainless má dípẹtà, ìyẹn awọ kúróómíọ̀mù tó bo ojú rẹ̀, ni kò ní jẹ́ kí bàbà rí ọ̀nà wọlé, kò sì ní jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà.

Ojú wọn

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí sí rere, kó lo ju ìdajì àkókò rẹ̀ sórí ojú méjì yìí.

Mo fá wọn pẹ̀lú fáìlì títí wọ́n fi sún mọ́ títẹ́, mo wá tẹ́ sándípéépà olómi sórí gíláàsì tábìlì tó nípọn, mo ń fi omi sí i, mo ń fi wọ́n yí bí ẹni ń kọ nọ́ḿbà 8. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 180, mo kọjá sí 320, mo parí sí 600. N kò lọ jù bẹ́ẹ̀. Ojú tó ń dán bíi dígí kò ní àǹfààní kan tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, bàbà tó rọ̀ sì máa ń di iyanrìn sándípéépà tó kúnná mú sára. Títẹ́jú ló ṣe kókó. Láti mọ̀ ọ́n, mo fi yíǹkì òǹtẹ̀ kun gíláàsì fẹ́ẹ́rẹ́, mo gbé ojú lé e, mo sì wo ibi tí yíǹkì kò kàn. Àwọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń lọ sílẹ̀ jù, torí ọwọ́ èèyàn máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láìmọ̀.

Ìpẹtà àti èérí ni ọ̀tá. Mo fi ọṣẹ fọ méjèèjì, mo fi áṣẹ́tóònù nù wọ́n, mo wá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀ pa bàbà lójú títí ó fi pọ́n roro. Ó ṣe pàtàkì kí èèyàn ṣan iyọ̀ yẹn kúrò pátápátá pẹ̀lú omi mímọ́. Irin ni mo fi sándípéépà gbígbẹ fá lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Lásìkò ọyẹ́ èèyàn ṣì lè fara balẹ̀, àmọ́ nígbà òjò ní Ifẹ̀, irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà kí èèyàn tó fi bóòtù sí i. Lẹ́yìn èyí, ìka kò gbọ́dọ̀ kan ojú náà mọ́, torí òróró wà lára ìka.

Àánú kan wà fún bàbà: awọ ìpẹtà tín-ín-rín tó bá ṣì wà lójú rẹ̀ máa ń yọ́ wọ inú bàbà fúnra rẹ̀ nínú ooru. Ti alumíníọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń dúró síbẹ̀ bí ògiri.

Bí bàbà ṣe fún ara rẹ̀ mọ́ irin

Ilé iṣẹ́ ńlá ní ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan nínú ààrò. Èmi ní bóòtù. Bí èèyàn bá rò pé òun á fi sípánà di bóòtù pinpin, kí ìdì yẹn wà bẹ́ẹ̀ dé 850 °C, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Irin tó ti pọ́n kò ní agbára tó ní nígbà tó tutù, bóòtù á nà, á sì dẹ̀. Mo ní láti wá agbára tó máa jáde nígbà tí ooru bá ti dé.

Inú bàbà fúnra rẹ̀ ni mo ti rí i. Bí ooru bá lé ní ìwọ̀n kan, bàbà ń wú ní ìdá 17 nínú mílíọ̀nù kan gígùn rẹ̀, irin lásán ń wú ní ìdá 12. Mo fi àwo irin nípọn méjì há bàbà àti ojú irin rẹ̀ sáàárín, mo sì fi ọ̀pá bóòtù irin M10 mẹ́rin so àwọn àwo náà pọ̀ ní igun. Bàbà tó gùn ní 60 mm, bó bá kúrò ní 30 °C dé 850, á wú ju ọ̀pá irin tó dì í lọ ní nǹkan bí 0.25 mm. Kò sí ibi tó máa gbà. Ojú ìlẹ̀ náà ni yóò fún mọ́ra. Bàbà tó bá wá rọ̀ jù á wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, èyí kò sì ṣe nǹkan kan, torí fífún ṣóńṣó orí àwọn òkè yẹn pẹrẹsẹ ni a ń wá.

Ohun tó máa ń fa ìṣìnà fún ọ̀pọ̀ ni pé èèyàn á wo bóòtù stainless, á ní èyí ló ń farada iná, òun ló yẹ. Ṣùgbọ́n stainless 304 ń wú ní nǹkan bí ìdá 17, gẹ́lẹ́ bíi ti bàbà. Wọ́n á jọ wú, wọ́n á jọ gùn, kò sì ní sí fífún kankan. Bóòtù tó wọ́pọ̀ jù, tó pọ́ọ́kú jù, tó sì máa bà jẹ́ nínú iná, òun gan-an ló tọ́ sí iṣẹ́ yìí. Irin lásán tún ní ìwà mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́: bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 727 °C, átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń tún ara wọn tò, wọ́n á sún mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin náà á sì sún kì díẹ̀ kó tó máa wú lọ. Nígbà tí bàbà ń wú láàárín, bóòtù ń sún kì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí àwọn àwo àti nóòtù má bàa lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, torí ohun kan náà tó ń lẹ bàbà mọ́ irin lè lẹ gbogbo wọn, ẹfun ni mo pò mọ́ omi tí mo fi kun ibi tí n kò fẹ́ kó lẹ̀: inú àwo méjèèjì àti ẹ̀yìn páànù ojú. Mo kùn ún pẹ̀lú ìṣọ́ra kó má dé ojú ìlẹ̀. Ẹfun kì í yọ́ nínú ooru yìí, kì í sì í bá mẹ́tàlì rìn.

Àpótí, èédú, iná

Afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde lè lo èédú láti jẹ ẹ́ tán. Mo gé páìpù irin oníínṣì 4, mo jó ìdí rẹ̀ pa, mo gbé gbogbo rẹ̀ tí mo ti fi bóòtù dì sínú rẹ̀, mo sì fi lẹ́búlẹ́bú èédú dí i yíká títí dókè. Atẹ́gùn oxygen tó bá ṣẹ́ kù á bá èédú di gáàsì kan tí ń fa ìpẹtà kúrò lójú irin.

Èédú náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Mo ti kọ́kọ́ mú un pọ́n nínú agolo tí mo dé lẹ́nu kí omi àti èéfín inú rẹ̀ tán. Ìdí ni pé omi inú èédú máa ń tú háídírójìn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbà tó wà lọ́jà sì ní oxygen díẹ̀ nínú. Bí háídírójìn bá wọ inú bàbà tó gbóná tó sì bá oxygen pàdé, wọ́n á di èéfín omi nínú mẹ́tàlì, bàbà á sì là láti inú wá.

Ìdérí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi amọ̀ dí, àmọ́ amọ̀ ń la nígbà tó bá ń gbẹ. Mo jó o pa, mo sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ fún gáàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dí ihò yẹn láé: àpótí tí kò ní ibi tí gáàsì ń gbà jáde lè bẹ́ bí bọ́ǹbù. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ náà ń pa èèyàn láìsí òórùn kankan, nítorí náà ìta gbangba ni kí ààrò wà, kì í ṣe abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ààrò mi jẹ́ ìdajì dúrọ́ọ̀mù tí mo fi amọ̀ rẹ́ nínú, tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìdí, pẹ̀lú fáànù kékeré tí bátìrì ọkọ̀ ń gbé. Wáyà K tó ń wọn ooru wà nínú túùbù seramíìkì tó kan ara páìpù. Èyí tó máa ń bá mítà wá lọ́fẹ̀ẹ́ kò ṣeé lò, torí òwú tó bo wáyà rẹ̀ kò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀. N kò sì gbára lé mítà nìkan. Mo fi ẹlẹ́rìí méjì sínú agolo irin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí: iyọ̀ ìsebẹ̀ díẹ̀, tó ń yọ́ ní 801 °C, àti ègé fàdákà kan láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, tó ń yọ́ ní 962. Bí iyọ̀ bá yọ́ tí fàdákà sì dúró, àárín tí mo fẹ́ ni mo wà. Fàdákà náà kò gbọ́dọ̀ kan bàbà níbì kankan. Àwọn méjèèjì, bí wọ́n bá fara kanra, ń yọ́ pọ̀ ní 779 °C, kí èyíkéyìí nínú wọn tó tó àkókò tirẹ̀. Ohun yìí ni Thomas Boulsover rí ní Sheffield ní nǹkan bí ọdún 1743 tó fi di iṣẹ́ ńlá ní ìlú wọn.

Mo jẹ́ kó gòkè díẹ̀díẹ̀, mo dì í mú sí àárín 840 sí 870 fún wákàtí méjì, mo ń fi èédú kún un, mo ń tan fáànù, mo ń pa á. Lẹ́yìn náà mo fi eérú bo gbogbo rẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yíyára tutù kò dára: bàbà ń sún kì ju irin lọ, bí ó bá sì ṣe é lójijì, ojú ìlẹ̀ ni yóò gba gbogbo ìfà náà.

Títú u

Nígbà tí mo gé àpótí, nóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí pẹ̀lú ìka. Inú mi dùn sí èyí ju bí wọ́n bá ti le lọ. Ó fi hàn pé bàbà ti tẹ̀ nígbà tó gbóná, ó wá sún kì padà, bóòtù sì ti nà. Fífún náà ṣẹlẹ̀ nítòótọ́. Ẹfun tú bí ìyẹ̀fun, àwọn àwo bọ́ láìsí òòlù. Irin jáde dúdú rẹ́súrẹ́sú, kò sí ìpẹ́ ìpẹtà lára rẹ̀.

Mo fi ayùn irin gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìdánwò. Mo fi kẹrosíìnì ra ìlà ìlẹ̀ náà, mo nù ún gbẹ, mo wá fi ẹfun gbígbẹ bù sí i: ibi tí ìlà bá là, kẹrosíìnì á jáde wá, á sì rin ẹfun. Ibì kan ṣoṣo ló rin, ní igun kan, kò ju 2 mm lọ. Igun tí yíǹkì kò fi bẹ́ẹ̀ kàn nìyẹn. Ìyókù gbẹ. Mo wá há ègé náà sẹ́nu fáìsì, mo fi òòlù tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí ó fi ya. Inú bàbà ló ti ya, ìlà ìlẹ̀ kò tú.

Mo mú orí náà gbóná dé nǹkan bí 400 °C, mo tì í bọ omi, mo tún un ṣe léraléra. Iṣẹ́ tó máa ń rí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún kẹrosíìnì àti ẹfun ṣe, kò sí ìlà tuntun. Igun tó là yẹn ni mo fi fáìlì gé dànù, mo sì gé igun mẹ́ta yòókù bákan náà kí ó lè bára mu.

Lẹ́nu iṣẹ́

Irin 3 mm nípọn jù fún ojú. Irin 1 mm ń dí ooru lọ́nà tó bàbà 8 mm, nítorí náà mo fá a wálẹ̀ títí ó fi ku nǹkan bí 1 mm. Ọ̀gá ló fi lẹ́ẹ̀dì bo ojú rẹ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú asíìdì tí wọ́n ti fi síǹkì ara bátìrì tọ́ọ̀ṣì pa. Lẹ́ẹ̀dì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú irin, ó ń dán. Wọ́n gbé e lé etí rèdíétọ̀ táńkà kan, lẹ́ẹ̀dì sì ṣàn wọlé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ó ń gba ooru o, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná ni.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, ojú irin yẹn ló fa ìpẹ́ náà, wọ́n sì ti ń fi í sínú èédú ṣáájú ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀.

Láti ìgbà náà wọn kò tíì fi fáìlì kan ojú rẹ̀. Ibi tó ń kọ mí lóminú ni ẹ̀gbẹ́. Lẹ́ẹ̀dì máa ń gun òkè bí asíìdì bá ta sí i, bó bá sì dé ara bàbà lókè ìlà ìlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ níbẹ̀, irin á wà ní ojú, bàbà ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa tín-ín-rín. Fún báyìí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ bàbà náà dúdú, wọ́n ń fi ẹfun kùn ún, wọ́n sì ń rí i pé asíìdì kò dé ibẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò yẹ kí ohun tó lágbára tó báyìí máa dúró de ìṣọ́ra ọmọ iṣẹ́.

Nítorí náà, èyí tí mò ń ṣe lọ́wọ́ kò ní bóòtù mọ́. Ago irin ni, tí mo fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ inú rẹ̀, ọ̀pá bàbà tó fẹ̀ ní 30 mm yóò sì wọ inú rẹ̀, kí irin bo ojú àti ẹ̀gbẹ́ pọ̀. Nínú ooru bàbà á wú ju ago lọ ní nǹkan bí 0.12 mm lórí ìbú rẹ̀, á sì fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri ago yíká. Àlàfo tí mo bá fi sílẹ̀ láàárín wọn gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn dáadáa, mo ń lépa 0.03. Ìṣòro tó kù ni ìgbà títutù, nígbà tí bàbà bá ń sún kì kúrò lára ògiri. Mo ti gbẹ́ ògiri náà dé 1 mm kí ó lè tẹ̀ lé bàbà wọlé dípò kó fà á ya, ìdí ago náà nípọn ní 1.5 mm, àyè bóòtù kan ṣoṣo sì wà lókè tó máa tì bàbà mọ́ ìdí rẹ̀.